Aṣọ Tí Jẹ́jẹ́ Rán fún Onílẹ̀kùn

"Ẹ gbọ́ ná, wọ́n ní ó ní kí wọ́n má..."

"Ta ló ní?"

"Onílẹ̀kùn ni. Níwájú Ọ̀gá, níbi tí bàbá ọmọ náà jókòó sí. Wọ́n ní ó la ẹnu, ó ní kí wọ́n má..."

"Kí wọ́n má kín ni? Yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, kó o sọ̀rọ̀ bí èèyàn."

"Kí wọ́n má mú un. Wọ́n ní ó tún ní bí wọ́n bá mú un, òun..."

"Ṣé Jẹ́jẹ́ tiwa yìí?"

"Jẹ́jẹ́ mélòó la ní? Ẹ dákẹ́. Ó ń bọ̀."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn yípo yàrá ìránṣọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, láti ẹnu tó há abẹ́rẹ́ mọ́ eyín dé ẹnu mìíràn tó há abẹ́rẹ́ mọ́ eyín, kò sì sí ẹni tó rí i sọ tán. Nígbà tí ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé, gbogbo ẹ̀rọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọn kò dákẹ́ rí. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́. Láti kékeré ló ti ń jókòó sẹ́yìn àwọn àgbà tó ń gbọ́ ohun tí wọn kò bá òun sọ. Ẹnu rẹ̀ ló wúwo, etí rẹ̀ kò wúwo. Kí wọ́n má mú un. Ó gbé aṣọ lé orúnkún, ó sì ń wá ojú abẹ́rẹ́ títí, kò rí i.

Aṣọ tí wọ́n ń rán nínú yàrá yẹn kì í ṣe aṣọ ìmúròde. Aṣọ ìrìnàjò ni, fún àwọn tí Ọkọ̀ Ńlá máa gbé kúrò láyé yìí lọ sí Ayé Kejì, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè mí. Kì í ṣe fàájì ló ń gbé wọn lọ. Ooru ń le sí i lọ́dọọdún, òkun ti gbé odindi àdúgbò mì nísàlẹ̀ ìlú, àwọn tó sì mọ̀ nípa rẹ̀ ti sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ilẹ̀ yìí kò ní gba ọmọ aráyé mọ́. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ìyá àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn, a máa sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé, "Àgbẹ̀ tó bá jẹ irúgbìn rẹ̀ tán, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ yẹn." Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe àwọn tó ń lọ ní irúgbìn. Irúgbìn tí a bá ti sọ sílẹ̀, kì í padà sínú àká mọ́. Gbogbo èèyàn mọ èyí, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ jáde.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti lọ ṣáájú. Ohùn àwọn tó wà nínú rẹ̀ a máa dé ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo òṣìṣẹ́ a sì kóra jọ sí gbọ̀ngàn láti gbọ́ wọn, títí di ọjọ́ kan tí ohùn náà kò dé mọ́. Ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, àwọn ìyá tó ń ránṣọ kò kọrin nídìí iṣẹ́ mọ́.

Òfin kan sì wà níbẹ̀ tí kì í yẹ̀: ẹni tó bá rán aṣọ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn yàrá ìránṣọ ni Yàrá Òfìfo wà, ihò irin méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, tó ń lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Aránṣọ á wọ aṣọ tó rán, á wọlé, wọn á tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ̀rọ á sì fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ tán. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá dára, yóò jáde. Bí kò bá dára, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Níbí, aránṣọ kì í sọ pé oníbàárà ló sanra."

Ọkùnrin tó ń ti ilẹ̀kùn náà, tó sì ń ṣí i, ni wọ́n ń pè ní Onílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n náà ló ti bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ, tòun tìyàwó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò máa bójú tó àwọn ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọjọ́ tí ohùn wọn dé kẹ́yìn, ọ̀gànjọ́ òru ni, àbúrò yìí nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gbohùn. Kò sọ ohun tó gbọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ wọ Yàrá Òfìfo, kò tilẹ̀ rí ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló gbọ́, nínú ìbòrí aṣọ, lẹ́bàá etí.

"Ẹ sọ̀rọ̀," ni ohùn náà wí.

"Kí ni kí n sọ, sà?"

"Ohunkóhun. Òfin ni. Ẹni tó bá wà nínú gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ kí n lè mọ̀ pé èémí rẹ̀ ń lọ déédéé. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀."

"N kò jẹun, sà. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó dáa. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi ní gígùn."

Ó rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Òun tí kì í lè wo ojú ọkùnrin kó sọ̀rọ̀, òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri irin sọ̀rọ̀, tí ògiri náà sì ń dá a lóhùn. Ó sọ nípa bàbá rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà, nípa ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ ní ìwé nílé nítorí pé ó ń sá fún àwọn ọmọ iléèwé bí ẹni sá fún oyin. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tó wá rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gbẹ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ó wo bàtà ọkùnrin náà, ó kí bàtà náà pé ó ṣeun, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti yá sí iṣẹ́.

"Jẹ́jẹ́, o tún ti parí òmíì?" Ìyá Ìbejì, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ló ń bi í. "Àbí Yàrá Òfìfo ti ń dùn bí ilé ọkọ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà."

"N kò bínú o. Èmi tí mo ní ọkọ nílé, kò sí ẹni tó pa á láṣẹ fún un pé kó máa gbọ́ mi nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀."

Báyìí ni oṣù ń gorí oṣù. Ọjọ́ tí "ẹ" di "o" láàárín àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wà nínú òfìfo, ohùn náà sì ṣàdédé rẹlẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, wọ́n ní kí n bá ọkọ̀ kejì lọ."

"O gbà?"

"Bí n kò bá gbà, ta ni yóò máa ti ilẹ̀kùn? Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Tọmọdé tàgbà ló ń bá ọkọ̀ yẹn lọ. Wọ́n gbà kí èèyàn mú ìyàwó rẹ̀ dání."

Kò sí èsì.

"Jẹ́jẹ́, sọ̀rọ̀. Òfin ni."

"Mò ń mí," ló wí. Ọkùnrin náà sì mọ̀ pé ó ti gbà.

Àbúrò ìyá Jẹ́jẹ́ ló gba iṣẹ́ alárinà. Òun ni olórí àwọn tó ń gé aṣọ, wọ́n ń pè é ní Àǹtí Mọ̀ọ́sọ, nítorí pé bí ó bá jíṣẹ́ fún ọ, ńṣe ló máa dà bíi pé ẹni tó rán an gan-an ló dúró síwájú rẹ. Ó wọ aṣọ tó dára, ó lọ bá bíríkìlà nílé. Jẹ́jẹ́ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń gbọ́.

"Ọ̀run ni wọ́n fẹ́ gbé ọmọ mi lọ?" ni bàbá wí.

"Kì í ṣe ọ̀run, Bàbá. Ayé Kejì ni."

"Ibi tí wọn kì í ti í padà wá, kí là ń pè é?"

Àǹtí Mọ̀ọ́sọ tún ìjókòó ṣe. "Ọ̀dọ́mọkùnrin náà níwà. Ó sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ṣé mo ní kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni? Gbogbo ilé tí mo kọ́ láyé yìí, mo mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Níbo ni ìpìlẹ̀ ọkọ̀ wà? Irúgbìn ni wọ́n ń pè wọ́n. Tó bá bọ́ sórí àpáta ńkọ́?"

"Ọmọ kan ṣoṣo," ìyá Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Àwọn tó sì kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ohùn wọn..." Kò parí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ti jáde lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Kò sí ẹni tó pè é. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, àwọn ilé tí ẹ kọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlú, wọ́n ní ìpìlẹ̀. Ẹja ló ń gbénú wọn báyìí."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé àlejò ni. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú okùn ìwọ̀n rẹ̀, èyí tó ní òjé lẹ́nu tó fi ń mọ ògiri tó dúró ṣánṣán, ó sì jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ojú tí bàbá rẹ̀ fi wò ó yẹn ni Jẹ́jẹ́ gbé lọ sídìí abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn kò gba kí èèyàn wà níhìn-ín kí ọkàn rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Gbogbo ihò tí abẹ́rẹ́ bá lu ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi gọ́ọ̀mù dí kí abẹ́rẹ́ kejì tó gba ibẹ̀ kọjá. Jẹ́jẹ́ fo ibì kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, lábẹ́ apá òsì. Kò mọ̀. Ó wọ aṣọ náà, ó wọ inú òfìfo. Ìyá Ìbejì wà nínú ihò kejì pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀.

"Mò ń rò ó," ni Jẹ́jẹ́ ń sọ, "pé ọmọ tá a bá bí síbẹ̀, ṣé yóò mọ ohun tó ń jẹ́ òjò? Àbí a ó kàn máa ròyìn rẹ̀ fún un ni, bí ẹni..."

Ó gbọ́ ohun kan tó ń ké tín-ín-rín bí ẹ̀fọn létí.

"Bí ẹni kí ni?" ni Onílẹ̀kùn bi í.

"Bí ẹni..."

"Jẹ́jẹ́. Sọ̀rọ̀."

"Abẹ́... apá..."

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá afẹ́fẹ́ padà sínú yàrá náà, nítorí pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ihò méjèèjì ń lò. Bí ọ̀kan bá ṣí lójijì, ìkejì á jìyà rẹ̀. Onílẹ̀kùn mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó mọ̀ pé Ìyá Ìbejì wà lọ́hùn-ún. Ó di ọwọ́ ẹ̀rọ náà mú, ó sì fà á títí dé ìdí.

Jẹ́jẹ́ yè. Ìyá Ìbejì náà yè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ jáde létí rẹ̀, etí òsì rẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Etí kan tó fún mi láti gbọ́ òfófó." Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń yin Onílẹ̀kùn. Òun nìkan ni kò yin ara rẹ̀. Kò wá kí Jẹ́jẹ́ lórí ibùsùn àìsàn. Wọ́n ní ó kàn ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn irin náà, tí ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn bíríkìlà ti rọ̀. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ó ní, "Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún ọmọ mi, èmi náà á ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ti gbà. Ẹ jẹ́ kó mú un lọ." Ìyá bú sẹ́kún. Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ayọ̀ àti ẹ̀rù ti di ọ̀kan nínú rẹ̀.

Bàbá àti Àǹtí Mọ̀ọ́sọ bá lọ síwájú Ọ̀gá láti fọwọ́ sí i, níṣojú Onílẹ̀kùn. Ìgbà tí wọ́n máa fi padà, fìlà bàbá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí lórí.

"Kò ní lọ mọ́," ló wí.

"Ta ni kò gbà, Bàbá? Ọ̀gá ni?"

"Onílẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni."

"Kí ló ní mo ṣe?"

Bàbá wo Àǹtí Mọ̀ọ́sọ. Àǹtí Mọ̀ọ́sọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wo ilẹ̀.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rìn yípo yàrá ìránṣọ, tí kò sẹ́ni tó rí i sọ tán. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, onírúurú ìrù ló ti hù sí i. Wọ́n ní ó ní ọwọ́ Jẹ́jẹ́ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Wọ́n ní ó ní aránṣọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara rẹ̀, ọjọ́ kan ni yóò pa òun. Jẹ́jẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì rí ọ̀kan já ní koro, nítorí pé òun náà ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́.

Bí ayé sì ṣe máa ń fi èèyàn ṣẹ̀sín, òun ni Ọ̀gá pè láti rán aṣọ Onílẹ̀kùn. "Ọwọ́ rẹ ló dára jù," ni ìyá àgbà náà wí. "Ẹni tó ti fo gọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan, kò ní fò ó mọ́."

Ó rán an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ti ń rán abẹ́ apá òsì, èrò kan yọ́ wọ inú rẹ̀ bí ejò tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé: ibì kan péré, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó bu omi sójú, ó padà wá jókòó, ó sì fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ihò tó wà lára aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì-méjì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ pẹ́ kó tó gbàgbé pé irú èrò bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀nà ilé òun.

Nígbà tó parí, ó wọ̀ ọ́. Ó tóbi jù ú lọ, ọwọ́ aṣọ náà gùn kọjá ìka rẹ̀, bí ọmọdé tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀. Ilẹ̀kùn tì. Afẹ́fẹ́ lọ.

"Sọ̀rọ̀," ni ohùn náà wí.

"Kí ni kí n sọ, sà?"

"Ohunkóhun."

"Ẹ jẹ́ kí ó kan yín lónìí. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ sọ níwájú Ọ̀gá."

Ó gbọ́ èémí Onílẹ̀kùn, bí Onílẹ̀kùn náà ti máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Aṣọ náà dára," ni ohùn náà wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀. Èmi ni mo rán an."

Nígbà tó jáde, ó fi agbára mú ara rẹ̀ wo ojú ọkùnrin náà dípò bàtà rẹ̀. Ojú náà pọ́n. Ó fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n ó rí nǹkan kan lára bẹ́líìtì rẹ̀ tó dá ìbínú náà dúró: okùn ìwọ̀n bàbá rẹ̀, tòun ti òjé ẹnu rẹ̀. Kò sí ẹni tí bàbá rẹ̀ yá ní okùn yẹn rí.

Ó bi bàbá rẹ̀ nílé.

"Lójú ọ̀nà, kò ní wúlò fún un," ni bíríkìlà wí, tó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ro ó. "Wọ́n ní ohun gbogbo ń léfòó níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tó bá débẹ̀, okùn á tún rọ̀ wálẹ̀. Ó máa nílò ohun tó dúró ṣánṣán."

"Bàbá, ẹni tó kọ̀ mí lẹ ń fún ní okùn yín?"

Bàbá dìde lọ ti fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ náà ń rùn bí omi òkun, bẹ́ẹ̀ òkun kò sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ kejì lọ. Ilẹ̀ mì, fèrèsé wárìrì, iná kan gòkè, ó kéré, ó kéré sí i, ó di ohun tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ mọ́. Àwọn èrò ti tú ká nínú pápá kí bíríkìlà tó dé fìlà rẹ̀ padà sórí.

Ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ìrọ̀lẹ́. Jẹ́jẹ́ kì í lọ sí gbọ̀ngàn láti gbọ́ ọ. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ ọkọ̀ kẹta, ó sì fi ìyẹn ṣe àwáwí. Wọ́n ròyìn fún un pé ara àwọn tó lọ le, pé wọ́n ti kọjá òṣùpá. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ohùn náà pẹ́. Oòrùn ti ń wọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ wà ní gbọ̀ngàn, wọ́n ń dúró, kò sì sí ariwo kankan tó ń ti ọ̀hún wá. Àǹtí Mọ̀ọ́sọ wọ yàrá ìránṣọ, ó fa àpótí kan, ó jókòó síwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Gbé abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀."

"Wọ́n ti gbọ́ nǹkan ni, Àǹtí?"

"Wọn kò tíì gbọ́. Kì í ṣe ìyẹn ni mo bá wá. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n rán mi sí ọ. Ẹni tó rán mi ní kí n má jẹ́ ẹ àfi tí ọkọ̀ bá kọjá òṣùpá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pè é padà, tí ìwọ náà kò sì ti lè sáré bá a. Bàbá rẹ búra pẹ̀lú mi."

Jẹ́jẹ́ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá yìí, irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Onílẹ̀kùn ní kí wọ́n má mú ọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Gbọ́, n kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ níbẹ̀." Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó sì di Ọ̀gá, ó di bàbá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Bàbá rẹ ní, 'Mo ti gbà, kó mú un lọ.' Ọ̀gá wá kọjú sí Onílẹ̀kùn, ó ní, 'Mo rí ohun tó o ṣe nígbà tí afẹ́fẹ́ ń jò lára Jẹ́jẹ́. Lọ́hùn-ún, tó bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé bó o bá ṣí i, gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló máa kú, tọmọdé tàgbà, kí lo máa ṣe?' Bàbá rẹ ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Ọ̀gá ní, 'Ẹ jẹ́ kó dáhùn.' Ohun tí Onílẹ̀kùn sọ nìyí, bó ṣe sọ ọ́ gan-an: 'Ẹ̀gbọ́n mi ṣí i fún ìyàwó rẹ̀. Mo gbọ́ ọ kí ohùn wọn tó dákẹ́. Èmi náà máa ṣí i. Ẹ má mú un.'"